Ìrìn Àlàáfíà: Ta Ni Ẹ Ń Bẹ̀?

Ẹni tó bá ń gbé Gbàgádà bíi tèmi kò lè sọ pé òun kò rí i rí. Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn tó ń ta àkàrà bá ń palẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ bí ọgbọ̀n tàbí ogójì á yọ láti àdúgbò kan, aṣọ funfun kan náà lọ́rùn gbogbo wọn. Ẹnì kan á máa fun fèrè, ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan á sì máa wọ́ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á ní ìrìn àlàáfíà làwọn ń rìn. Àwọn kan nínú wa á ya fọ́tò, àwọn kan á pòṣé pé wọ́n ti dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sílẹ̀, oníkèké á bú wọn, ó parí.

Àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan lórí irú ìrìn yìí nítorí pé ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa fẹ́ rìn ọ̀kan ní sáà yìí. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìta ọgbà, ní Bàrígà, ní Òwòrónṣòkí, ní Ifàkọ̀-Gbàgádà, ẹ kò nílò àlàyé. Tí àwọn ẹgbẹ́ méjì bá ti gbéná wojú ara wọn, ẹni tó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ á máa wo aago, á máa ṣírò bí òun ṣe máa délé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Tí a bá máa rìn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìrìn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka èdè la ṣáà jẹ́. Yorùbá ní ìfẹ̀hónúhàn, ó ní ìwọ́de. Ìfẹ̀hónúhàn ti sọ tinú ẹ̀ tán: inú ń bí ẹni tó ń rìn, ó sì fẹ́ kí ayé rí i. Ìwọ́de kò sọ bẹ́ẹ̀ dandan. Ẹni tó ń wọ́de lè máa lọ síbi ayẹyẹ, ó sì lè máa lọ bá ìjọba fa wàhálà. Ìrìn àlàáfíà wá rọ̀ ju méjèèjì lọ. Ẹ kọ "ìfẹ̀hónúhàn" sórí lẹ́tà tí ẹ mú lọ bá DPO, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa le. Ẹ kọ "ìrìn àlàáfíà", ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ jókòó. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ yẹn, ọgbọ́n náà sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa.

Ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ti sú àwọn ìyá ọjà. Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ló ṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn aláṣẹ kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní kò burú, àwọn ò wọ́de mọ́, pííkìnìkì làwọn ń lọ ṣe, ọdún làwọn ń lọ ṣe. Òfin ò sì sọ pé kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó ṣe pííkìnìkì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ṣe "pííkìnìkì" náà níwájú ààfin Aké ní ìparí ọdún 1947. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó kúrò nílùú fún ìgbà kan, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sáré lọ síbi orin àti ariwo níwájú ààfin. Èmi fẹ́ kí ẹ wo ohun tó ṣáájú. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ kékeré kan ti àwọn obìnrin tó mọ̀wé. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọjà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé ni wọ́n ti mọ ohun tó ń dun ara wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n rán aṣojú lọ, wọ́n tún kọ lẹ́tà. Ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìtàn tiwọn. Kò tíì pé oṣù méjì tí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wá sí Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1960, láti sọ fún àwọn aṣòfin pé àwọn kò fẹ́ àdéhùn ààbò tí ìjọba bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Kò ṣe jẹ́jẹ́ tán, àwọn kan nínú wọn ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì yé gbogbo ayé: ẹ fa àdéhùn yẹn ya. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì kéde pé àdéhùn náà ti parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépéjú ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ìjẹun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún ni: ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ ọjọ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ 50. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ń pariwo pé kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kúrò nípò. Àwọn bàbá wa ṣì ń pe ìjà náà ní "Ali Must Go". Ní Yunifásítì Èkó, ìbọn pa Akíntúndé Òjó. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ṣẹ́gun Òkéowó ń darí, wọ́n sì lé òun fúnra rẹ̀ kúrò nílé ìwé. NANS tí a ní lónìí dé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1980. Ẹ jẹ́ ká máa rántí àwọn orúkọ wọ̀nyí nígbà tí a bá ń pe ìrìn ní ti àlàáfíà. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kú nítorí owó oúnjẹ nílẹ̀ yìí.

Ti Ilé-Ifẹ̀ ló súnmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe jù. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé gbígbé Awólọ́wọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 10 oṣù keje ti di ọjọ́ ìrántí lọ́gbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lónìí kò tíì dáyé nígbà náà, síbẹ̀ ó mọ orúkọ Afrika. Iṣẹ́ kan nìyẹn tí ìrìn lè ṣe tí lẹ́tà kò lè ṣe. Ẹgbẹ́ òkùnkùn fẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rù, kí ó dákẹ́, kí kálukú ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Tí igba ènìyàn bá jọ rìn ní ojú ọ̀sán gangan ní òpópónà kan náà tí wọ́n ń sá fún lálẹ́, olúkúlùkù á rí i pé òun nìkan kọ́ ni inú ń bí.

Kí a tó padà sí Gbàgádà, ẹ jẹ́ ká dúró ní Ọjọ́ta, torí pé inú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa níbí ni ìwọ́de tó tóbi jù nígbà ayé tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan kúrò ní náírà 65, ó di 141. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9, gbogbo Èkó kó ẹsẹ̀ lé ọ̀nà Ìkòròdú, ó di ọgbà Gàní Fáwẹ̀hìnmí ní Ọjọ́ta. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí nígbà náà. Kò sí ọkọ̀ ní ojú títì, àwọn ẹ̀gbọ́n àdúgbò wa máa ń fẹsẹ̀ rìn gba Anthony àti Maryland lọ láàárọ̀, wọ́n á padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ohùn tó ti há. Olórin wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ bí eṣú. Ní ọjọ́ 16, ìjọba dín owó epo kù sí náírà 97, àwọn ológun sì gba ọgbà náà.

Ṣé wọ́n borí ni àbí wọ́n pàdánù? Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yẹn nílé wa àìmọye ìgbà. Èrò tèmi ni pé ìdajì ni wọ́n rí gbà, àti pé ìdajì yẹn kì bá tí wá bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa rìn gbọ́dọ̀ mọ iye tó máa gbà kó tó lọ sílé. Ní Ọjọ́ta, ohun tí wọ́n ń bèèrè ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́: epo ni lọ́jọ́ kìíní, ó di owó àwọn aṣòfin, ó di ìwà ìbàjẹ́, ó di kí ìjọba lọ. Bí wọ́n ṣe dín náírà díẹ̀ kù báyìí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ó tó, àwọn mìíràn ní kò tó, ìlà sì já.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012 kan náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó ti di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìjà kankan pẹ̀lú MKO. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Ìbéèrè wọn kò ju ọ̀kan lọ: ẹ dá orúkọ wa padà. Wọ́n ti ọgbà náà pa fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ìbéèrè náà kò yí padà nígbà tí wọ́n ṣí i. Àwọn tó ti jáde gbà á sọ nínú ìwé ìròyìn àti nípàdé. Ní ọdún 2013, ìjọba ní orúkọ àtijọ́ náà ló dúró.

Èyí ló gbé mi dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá kan. Ìgbà kan wà tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan rìn ní àdúgbò wa. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́bàá títì dúró, ó wò wá títí, ó wá pe ẹni tó gbé gbohùngbohùn.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni ẹ ń bẹ̀?"

Bọ̀dá náà ní, "Gbogbo ayé ni, Mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ò sí nílé."

Mi ò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí patákó bá ní "A fẹ́ àlàáfíà", ta ló máa dáhùn? Ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kò ní kà á kó sì jọ̀wọ́ àdá rẹ̀. Ṣùgbọ́n DPO lè dáhùn bí a bá ní kí ọkọ̀ ọlọ́pàá máa yí ká àwọn òpópónà tí a dárúkọ láàárín aago méje sí mọ́kànlá alẹ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ lè dáhùn nípa iná òpópónà tó ti kú. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ lè dáhùn nípa ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣíwọ́ àti nípa kíláàsì tí wọ́n fi sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ onílé lè dáhùn nípa géètì àdúgbò. Àwọn mẹ́rin nìyẹn, orúkọ wọn mọ̀, ọ́fíìsì wọn mọ̀, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí a lè padà lọ bèèrè èsì rẹ̀.

Gandhi mọ èyí dáadáa. Ní oṣù kẹta ọdún 1930, kó tó gbé ẹsẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà sí aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà. Àwọn ọmọlẹ́yìn 78 ló bá a bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rìn fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, bíi kìlómítà 385, títí dé etí òkun. Nítorí owó orí lórí iyọ̀ ni. Ó lè mú òmìnira lódindi kó fi ṣe orin ìrìn náà, ó sì fẹ́ òmìnira lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló mú, torí kò sí ilé ìdáná tí iyọ̀ kò sí. Tálákà tí kò mọ ìtumọ̀ òṣèlú mọ̀ pé iyọ̀ ti wọ́n.

Irú ìrìn mìíràn wà tí kò bẹ ìjọba ní nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò ló ń bẹ̀. Ẹ rántí Máìlì 12 ní oṣù kẹta ọdún 2016. Ọlọ́kadà kan kọlu obìnrin kan, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà láàárín Yorùbá àti Hausa, wọ́n dáná sun ilé, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Akínwùnmí Ambode sì ní kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjà tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ti wáyé ní Kétu àti ọjà náà. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ ní Èkó mọ ohun tó túmọ̀ sí bí Máìlì 12 bá tì fún ọjọ́ mẹ́ta péré: tòmátì, ata, àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ á di góòlù.

Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rìn lọ́jọ́ kejì ìjà. Ojú ṣì ń pọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ àárín lè di ẹran iléyá. Kí eruku kọ́kọ́ rọlẹ̀. Kí àwọn aṣáájú méjèèjì, Baálẹ̀ àti Séríkí, gbà láti jọ wà ní ìlà iwájú. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ má rìn, torí pé ojú pé ẹ gbè sẹ́yìn èkejì ni wọ́n máa fi wò yín. Èkejì, ẹ jọ̀wọ́, èdè. Ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ èdè la wà. Ohun ìtìjú ni kí a gbé patákó ogún lọ sí Máìlì 12 kí gbogbo wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí Yorùbá wà níbẹ̀, kí Hausa wà níbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ Hausa délẹ̀ kọ ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì la fi túmọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ti òfin, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ yín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999, abala 39 àti 40, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti péjọ ní jẹ́jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọlọ́pàá ń lo òfin tí wọ́n ń pè ní Public Order Act láti sọ pé ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wọ́de. Ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá da ìpàdé wọn rú ní Kano ní ọdún 2003. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Àbújá dá a pé ọ̀ràn ìwé àṣẹ yẹn tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Adájọ́ Olúfúnmiláyọ̀ Adékẹ́yẹ ló ka ìdájọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 dé. Abala 83 rẹ̀ sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá fi tó ọlọ́pàá létí pé àwọn fẹ́ wọ́de ní òpópónà, iṣẹ́ ọlọ́pàá àgbègbè náà ni láti kó òṣìṣẹ́ jáde wá dáàbò bò wọ́n.

Ẹ rí ìyàtọ̀ náà? Ẹ fi tó wọn létí, ẹ kò tọrọ àyè. Ẹ má kọ "a ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ" sínú lẹ́tà yín. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ máa parí, ọ̀nà tí ẹ máa gbà, iye ènìyàn tí ẹ ń retí, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tí wọ́n lè pè. Ẹ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó kéré tán. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo DPO ló ka abala 83. Ẹ mú ẹ̀dà òfin náà dání, ẹ fi ìwà pẹ̀lẹ́ hàn án, "Ẹ kú iṣẹ́, Sà" kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Gbàgádà, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìrìn lọ sórí òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Òwòrónṣòkí. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti orí afárá Third Mainland kì í rọra sáré, ẹni tí go-slow bá sì dá dúró nínú oòrùn kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, èébú ló máa bù yín. Àwọn ọ̀nà inú ló dára, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n lè bi yín léèrè, tí ẹ lè dúró dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn ìjọba Gbàgádà, ẹ pa gbohùngbohùn, ẹ má fun fèrè, ẹ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn aláìsàn wà nínú ilé yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà á sì ṣiṣẹ́ fún yín, torí pé ogọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tó dákẹ́ lójú títì Èkó, ènìyàn á yọjú wò wọ́n.

Kí wákàtí méjì má kọjá. Kí omi wà. Kí ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ tutù wà ní ìparí ìlà pátápátá, kí ó máa ka orí, torí pé ẹ̀yìn ni àwọn jàǹdùkú máa ń gbà wọlé. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ #EndSARS ṣètò ara wọn débi pé wọ́n ń gbálẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, síbẹ̀ àwọn ọmọọ̀ta kan ya lù wọ́n láwọn ibì kan, wọ́n fi orúkọ ìwọ́de ba nǹkan jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, àwọn ológun yìnbọn ní ẹnubodè ìsanwó Lẹ́kí. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wé ìpakúpa nínú àbọ̀ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ìjọba kò gba apá náà wọlé. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹni tó ń ṣètò má bàa sọ fún àwọn òbí pé kò séwu. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ wá jókòó sílé láìsí ẹ̀gàn.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló wá dé tí a kò fi lágídí, nígbà tí ìbọn lè dún bó ti wù kó rí. Erica Chenoweth àti Maria Stephan ka ìjàgbara ńláńlá ayé láàárín ọdún 1900 sí 2006 jọ. Ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí tí kò lo ohun ìjà ló ṣàṣeyọrí, ìdá 26 péré lára èyí tó lo ohun ìjà. Ìdí tí wọ́n rí kò le: ìyá àgbà lè rìn, aláboyún lè rìn, òṣìṣẹ́ báńkì lè rìn lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbé ìbọn kò pọ̀. Ìjàgbara tó ń pẹ́ lọ́dún ni wọ́n kà o, wọn ò ka ìrìn wákàtí méjì.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò nípa aṣọ. Mo ti rí ìrìn àlàáfíà tí àwòrán olóṣèlú kan wà láyà gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó rìn. Òun ló ra aṣọ, òun ló ra píọ̀ wọ́tà, òun ló sì sọ̀rọ̀ tó gùn jù nígbà tí wọ́n dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bá lọ́fíìsì. Báwo lo ṣe fẹ́ béèrè iná òpópónà lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára aṣọ rẹ? Ẹ wọ aṣọ funfun tí kálukú ní nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ sì fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ ra omi, ẹ bá wa wá agbẹjọ́rò kan tó máa gbé fóònù rẹ̀ bí a bá pè é lọ́jọ́ yẹn, ẹ wá bá wa rìn. Ìyẹn tó wa.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Sátidé. Ìgbà yẹn ni fọ́tò ti tán lórí Facebook, tí kálukú ti padà sí ìdánwò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ padà lọ sí àwọn ọ́fíìsì mẹ́rin yẹn. Lẹ́tà tí ẹ kà níwájú wọn lọ́jọ́ ìrìn, kí akọ̀wé fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU mọ bí èyí ṣe ń pẹ́ tó. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé owó ilé ẹ̀kọ́ wọn kúrò ní náírà 25,000, ó di 193,750 fún àwọn kan, ó sì dé 348,750 fún àwọn mìíràn. Wọ́n rìn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ sí Aláùsá, wọ́n tún padà lọ. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ní ọdún kìíní ti ń múra àtijáde nígbà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá dá owó náà padà sí 25,000 ní ọdún 2014.

Ìgbìmọ̀ ìrìn ẹ̀ka wa ti kọ lẹ́tà mẹ́rin náà, ọ̀kan sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Wọ́n ṣì ń wá ẹni mẹ́fà tó máa dúró sí ìparí ìlà, àti ẹni kan tó gbọ́ Hausa dáadáa.